Wọ́n Ti Ka Bàbá Rẹ Mọ́ Òkú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Àlàáfíà la wà, àfi pé bàbá rẹ kú lóṣù tó kọjá. Má jáyà, òun ló jókòó tì mí yìí tó ní kí n kí ọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló wá kọ́ wa bí a ṣe máa múra de omíyalé. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan kó ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù sínú àpò, kí ẹnikẹ́ni má tú u àfi tí wàhálà bá dé. Mo bá wé fóònù mi sínú ọ̀rá, mo ta á ní kókó, mo fi sísàlẹ̀ àpò. A máa ń gbọ́ ọ tó ń dún. Mo máa ń dá ọ lóhùn láti ìta àpò, mi ò mọ̀ bóyá o ń gbọ́.

Wọ́n wá ní ká dánra wò, pé tí fèrè bá dún, kí gbogbo wa sá lọ sílé ìwé orí òkè. Fèrè dún, mo gbé àpò, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ mi tó ń ro mí lọ. Bàbá rẹ ò kúrò lórí àga, ó ní òun ò lè sá fún omi tí òun ò rí. O ṣáà mọ orí kunkun rẹ̀. Ọ̀gá wọn pe orúkọ wa, ó ní ẹni tí kò bá dáhùn, omi ti gbé e lọ nìyẹn. Nígbà tí mo délé, òkú ń bèèrè oúnjẹ. Télọ̀ iwájú ilé wa wá bá mi kẹ́dùn lójú rẹ̀, látìgbà náà ni bàbá rẹ kò ti bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án, odò sì kún dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Fèrè ò tíì dún tí bàbá rẹ ti pọ̀n mí, tó fi àpò kọ́rùn, ó ní òun ò ní kú lẹ́ẹ̀kejì. Àwa la kọ́kọ́ dókè. Omi ò wọlé, a dúpẹ́. Wàhálà ti dé nìyẹn, mo bá tú àpò kí n lè pè ọ́, àmọ́ iná ti tán lórí fóònù, ni mo fi ń kọ̀wé.

Jọ̀ọ́, fi owó bárò ránṣẹ́, kí bàbá rẹ lè máa fi tì mí, ẹ̀yìn ń dùn ún.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ń kọ orúkọ wa, wọ́n bi mí pé àwa mélòó la wà nílé, mo ní mẹ́ta, torí yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ lórí òkè, kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n sì kà ọ́ mọ́ àwọn tí omi gbé lọ. Mo mọ̀ pé ìdánrawò ni, síbẹ̀ mo sunkún.

O ò ní bá omi lọ, o ò ní bá iná lọ, àwa náà ò ní fojú sunkún rẹ. Wọ́n máa tún ìdánrawò náà ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, jọ̀ọ́, wá dáhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ