Ohun Tó Kù Nínú Agolo Alága

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí iṣẹ́ rẹ máa tẹ̀ síwájú, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ níbi tí ojú wa ò tó. Àwa náà wà, bí ara àgbà bá ṣe gbà wá láyè. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún. Ojú mi ò fẹ́ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, àwọn oníbàárà sì ti ń sọ pé ṣòkòtò tí mo rán, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi.

Àmọ́ mo mọ̀ pé Alága ni o fẹ́ gbọ́, ológbò rẹ tó gba àga mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wà láàyè. Àtọ̀gbẹ rẹ̀ ló ń yọ wá lẹ́nu. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń gún un lábẹ́rẹ́ tí o fi ránṣẹ́, èmi tí mo ti fi abẹ́rẹ́ jẹun fún ogójì ọdún, mi ò mọ̀ pé ara ológbò ni màá ti parí rẹ̀.

O ní oúnjẹ ológbò gbígbẹ inú àpò ò dáa fún un mọ́, pé kí a máa fún un ní èyí tó lómi lára. Mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Mo bu omi ife kan sí gbígbẹ náà, mo rò ó pọ̀ títí ó fi rọ̀, Alága jẹ ẹ́, ó lá abọ́. Nígbà tí dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ṣúgà tún ti lọ sókè. Mo ní ṣé omi ò fọ ṣúgà ọ̀hún lọ ni? Ó ní, Bàbá, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tó ń di ṣúgà lára ò lọ síbì kankan, ti inú agolo ni kí ẹ rà.

Mo lọ ra ti agolo. Mo mú èyí tó ní ọbẹ̀ dáadáa, torí ta ní í gbé oúnjẹ fún aláìsàn láìsí ọbẹ̀? Ṣúgà tún gòkè. Dókítà ní ìyẹ̀fun ni wọ́n fi mú ọbẹ̀ náà ki, pé èyí tó dì bí ọṣẹ ni kí n máa wá. Ó ní wọn kì í kọ ìyẹ̀fun sára agolo, àfi kí n ṣírò rẹ̀: kí n mú ọgọ́rùn-ún, kí n yọ omi, ọ̀rá, èròjà amúaradàgbà àti eérú kúrò. Ohun tó bá kù, tí ẹnikẹ́ni ò kọ, òun ló ń ṣe Alága léṣe, kí ó yáa kéré.

Eérú kẹ̀! Mo gbé agolo padà lọ bá ọlọ́jà, mo ní ẹ wá wo ìwà ìkà, wọ́n da eérú sóúnjẹ aláìsàn. Ó bẹ̀ mí kí n rọra sọ̀rọ̀, ó ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn èròjà bí iyọ̀ tó wà nínú ẹran ni. Mo bá fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ ṣírò sára páálí rẹ̀. Ti ọlọ́bẹ̀ ku mẹ́jọ, ti èyí tó dì ku méjì. Mo ra èyí tó dì.

Síbẹ̀ ṣúgà ò wálẹ̀. Ọjọ́ tí mo tètè ti ìsọ̀ dé ni mo bá ìyá rẹ nídìí àga, ó ń fi búrẹ́dì tó rẹ sínú wàrà aládùn bọ́ Alága. Mo ní bí a bá ní ká wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé egungun. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ebi ló máa pa á, bó bá sì kú, ta ni ọmọ wa á tún máa béèrè lọ́wọ́ wa?

Mo gbé lẹ́tà tí o kọ kẹ́yìn, mo ṣírò òun náà. Ìlà ogún ni. Mo yọ mẹ́sàn-án tó jẹ́ ti agolo, mo yọ méje tó jẹ́ ti abẹ́rẹ́, mo yọ mẹ́ta tí o fi kí Alága, mo yọ ẹyọ kan tí o fi kí wa. Kò ku nǹkan kan. Mo tún un ṣe, torí ojú mi ò dáa mọ́. Ọjọ́ tí o máa wálé ò sí níbẹ̀, ọdún kẹrin sì nìyí. Dókítà ní kí ohun tó kù kéré, àmọ́ ti agolo ló ń sọ, kì í ṣe ti lẹ́tà.

Ìyá rẹ ò jẹ́ kó jẹ búrẹ́dì mọ́. Ṣúgà ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Má fi owó agolo ránṣẹ́ lóṣù yìí, mẹ́fà ṣì wà nílẹ̀. Fi owó náà wọ mọ́tò. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ìyẹn, mo ti kọ ọ́.

Ọ̀nà á là fún ọ, á là dé ẹnu ilẹ̀kùn wa.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ.