Àkèré Tí Oleta So Kẹ́yìn

                                                            Ọ̀nà Pettus Slough,
                                                            Scottsboro,
                                                            Alabama.
                                                            Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹwàá, 2016.

Vonda, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Oregon lọ́hùn-ún? Ṣé ara rẹ le? Kip ọkọ rẹ ńkọ́, ẹ̀yìn tó ń dùn ún ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí òjò ọ̀dọ̀ yín má wọ̀ ọ́ légungun. Èmi náà ò ṣàìsàn. Mò ń jẹun. Àwọn obìnrin ìjọ ò gbé abọ́ oúnjẹ wá mọ́ bíi ti oṣù kẹta, ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹ̀wà sè báyìí. Búrẹ́dì àgbàdo mi nìkan ló ṣì ń le bí òkúta.

O bi mí lórí fóònù bóyá mo ṣì ń lọ sórí adágún, mo sì ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Ìdáhùn rẹ̀ gùn, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

Ìparí oṣù kejì ni Oleta, ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó mi, kú, nígbà tí omi ṣì tutù débi pé kò sẹ́ni tó ń fi àkèré onírọ́bà tan ẹja báàsì. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ní kí n gbé ọ̀pá ìpẹja òun wá sórí ibùsùn. Ó so àkèré dúdú kan mọ́ ẹnu okùn rẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ẹsẹ̀ àkèré náà kan kúrú ju èkejì lọ, bí bàbá yín ṣe kọ́ ẹ̀yin méjèèjì, kí ó lè máa yí sọ́tùn-ún yí sósì lójú omi. Okùn ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a so ó. Ó wò mí, ó ní, “Hollis, kókó tìrẹ ò lè gbé ẹ̀wù dúró lórí okùn, ká má tíì sọ ti ẹja.” Kókó yẹn ni ohun ìkẹyìn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ìwọ náà mọ̀ pé koríko àti eyín ẹja a máa họ okùn, pé ẹni tó ń fi àkèré pẹja kò gbọ́dọ̀ ṣọ̀lẹ láti gé kókó kó sì tún un so. Bí mo bá ju àkèré yẹn, yálà kí ẹja já a, tàbí kí èmi fúnra mi gé e. Nítorí náà ni mo ṣe tẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi wa láìjù ú. Mo mú àkèré mìíràn nínú àpótí rẹ̀, mo sì so ó mọ́ ọ̀pá tèmi.

Nígbà tí igi dogwood tanná ní ìgbà ìrúwé, tí báàsì ti yé ẹyin wọn tán, mo lọ sí etí bèbè lábẹ́ àwọn igi wílò, níbi tí àwọn ẹja pẹlẹbẹ, oúnjẹ báàsì, ti ń gbẹ́ ìtẹ́ wọn. Mo gbóòórùn wọn, ó dà bí òórùn bàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Mo ju àkèré funfun síbẹ̀. Ẹja fò mọ́ ọn, omi bú gbàù, mo fa okùn, àkèré sì fò padà wá bá ojú mi. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí ní gbogbo ìgbà. Lamar Pruitt, tó ń ta ìjẹ ẹja ní èbúté, dúró lórí pákó, ó ń wò mí. Ó béèrè bóyá ẹja ni mò ń pa àbí eyín ni mò ń bá wọn yọ. Mo ní eyín ni, kí ó mú tirẹ̀ wá.

O rántí bí Oleta ṣe ń ṣe é. Bí omi bá bú, kì í mira. Á sọ fún ẹja náà pé, “Bù ú jẹ dáadáa, oyin mi,” kí ó tó fà á. Ó ní ariwo omi kọ́ ni ẹja, ìwúwo ni ẹja. Gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀, ariwo ni mò ń fà.

Wàyí o, Vonda, má sọ eléyìí fún Kip, á ní mo ti ń ṣarán. Nínú ooru oṣù keje, mo jáde ní ọ̀sán gangan, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ti sá wálé. Àkókò tí Oleta fẹ́ràn nìyẹn. Ó máa ń sọ pé báàsì ò yàtọ̀ sí ajá, abẹ́ ilé ló ń sá sí fún oòrùn, koríko tó dì lójú omi sì ni òrùlé tirẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ń gbọ́ bí ẹja wẹ́wẹ́ ṣe ń ṣa kòkòrò jẹ lábẹ́ koríko, tó ń ta pàpà bí ọ̀rá nínú páànù. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Àga iwájú ọkọ̀, àga Oleta tó ń yí lórí òpó, tí n kò tíì jókòó sí láti ìgbà tó ti kú, bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Ó yí díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí ibi tí òṣíbàtà ti pọ̀, ó dúró.

Mo sọ fún ara mi pé ìgbì ọkọ̀ kan ni. Kò sí ọkọ̀ kankan. Mo ju àkèré síbi tí àga kọjú sí, kò sì tíì rìn jìnnà tí omi fi ya. Mo gbọ́ ohùn Oleta, kì í ṣe nínú ọkàn mi, láti iwájú ọkọ̀ ni: “Dúró.” Ẹ̀rù bà mí, mo fà á. Àkèré padà wá lófo. Mo pe orúkọ rẹ̀ sókè, àga ò sì mira mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jáde, àga á yí. Mo ń lọ nítorí rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo sọ fún Lamar, mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó bo àwọn ìrẹ̀ tó ń tà, ó bi mí pé, “Kí ló ní kí o ṣe?”

Mo ní, “Ó ní kí n dúró.”

“Ó ti ń sọ ọ́ fún ọ látìgbà tó ti fẹ́ ọ, Hollis. Ìwọ náà kúkú dúró.”

Òtútù àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Koríko ti pọ́n, ó ti jẹrà, ó ń lu ihò káàkiri, báàsì sì ń jẹun bí ẹni tó gbọ́ pé ìyàn ń bọ̀. Kò sí ìgbà tí Oleta fẹ́ràn tó èyí. Bí ìrì dídì bá ti sẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, koríko á rì, àkèré á sì wọ àpótí di ìgbà ìrúwé. Mo gbé ọ̀pá rẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀ kí òtútù tó le. Rọ́bà àkèré náà ti yọ́ nínú ooru, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ìwọ̀ rẹ̀ sì ti ń dípẹtà. Ohun tí mò ń pa mọ́ ń kú lọ́wọ́ mi. Mo fi òkúta pa ìpẹtà náà rẹ́, mo wa ọkọ̀ jáde, mo lọ jókòó sórí àga rẹ̀, mo sì jù ú.

Omi bú. Ẹnu mi ló sọ pé, “Bù ú jẹ dáadáa, oyin mi.” Mo dúró títí ìwúwo fi dé apá mi, mo wá fà á. Ẹja náà rì wọ inú koríko. Mo tukọ̀ lọ bá a, mo dojú bolẹ̀, mo tọ okùn náà lọ pẹ̀lú ọwọ́ títí tí omi tútù fi mù mí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kan ẹnu rẹ̀. Ó sì pa ẹnu dé àtàǹpàkò mi. Vonda, bẹ́ẹ̀ gan-an ni Oleta ṣe di àtàǹpàkò mi mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú. N kò lè mira. Mo sunkún sínú koríko yẹn bí ọmọdé.

Abo ńlá ni, ikùn rẹ̀ tóbi bí ti ológbò. Mo dá a padà sínú omi, bí Oleta náà ì bá ti ṣe. Kókó rẹ̀ ò tú, ṣùgbọ́n okùn tó wà lókè rẹ̀ ti họ, ó ku bí irun kan. Òun fúnra rẹ̀ ò ní ju irú okùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gé e. Mo fi kókó náà sí àpò ẹ̀wù mi, mo gbàgbé, mo sì fọ ẹ̀wù náà. Mo tú ẹ̀rọ ìfọṣọ dé ìdí, n kò rí i.

Àga ò yí mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo rò pé ọkàn mi á balẹ̀. Kò balẹ̀, ó kàn dákẹ́ ni.

Bá mi kí Kip, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ àti aládùúgbò yín tó fi èso ápù ránṣẹ́. Lamar ní kí n kí ọ. O sọ nígbà ìsìnkú pé o ò lè wo adágún yìí láìsí Oleta níbẹ̀. N kò bínú sí ọ. Èmi ti wò ó, n kò ní purọ́ pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n koríko ṣì wà fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àga iwájú sì ṣófo. Mo ti so àkèré mìíràn mọ́ ọ̀pá rẹ̀ fún ọ. Bí kókó mi ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gé e, kí o so tìrẹ.

                                                            Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo ṣì jẹ́,
                                                            Hollis.