Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Kò Pé

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Mojísọ́lá ọmọ mi, ẹ kú òjò, ẹ kú wàhálà oko àgbàdo. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níbí ní Ijegun-Egba bí mo ṣe ń kí yín. Mo kí Bàbá wa, mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Adéolú àti ìyàwó wọn, mo kí pásítọ̀ ìjọ ilé. Mo sì kí gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tí wọ́n bá yín gbé iṣu lọ síwájú pẹpẹ nítorí mi. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ní kí akọ̀wé ìjọ tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìjọ, kí ó má sì yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó jó ló yẹ kó gbọ́ ọ.

Ara mi le, ara Bàbá Mojí náà le. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí àyà yín má baà já. Àyà tèmi ti ń já láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì tíì dúró títí di òwúrọ̀ yìí.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé mẹ́ta ni mo ṣì ń tọ́jú ní Festac. Mò ń nu ilẹ̀, mò ń fọ ilé ìwẹ̀, mò ń fọ aṣọ. Ẹ mọ̀ mí láti kékeré, mi ò lè rí nǹkan kí n má kà á. Àtẹ̀gùn ilé àkọ́kọ́ jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Ìgò ọṣẹ olómi kan máa ń tó mi lò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án bí mo bá fi omi là á. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí owó kẹ̀kẹ́ Márúwá ti dín, ohun tí mo fi pamọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan á ra ìdajì kóńgò gààrí. Kíláàsì kẹta girama ni mo ti kúrò ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò tí tísà kọ́ wa tí mi ò mọ̀. Mo máa ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti máa ń sọ pé ìṣirò ni kò jẹ́ kí ebi pa wá ní Èkó.

Òjò ọdún yìí pọ̀. Omi dé kókósẹ̀ nínú àgbàlá wa, búlọ́ọ̀kù méje la tò tí à ń tẹ̀ kọjá. Fèrèsé kì í ṣí nítorí ẹ̀fọn. Èèyàn kún ilé náà, síbẹ̀ ẹni tí mo lè jókòó tì kí n bá sọ̀rọ̀ kò ju ẹnì kan lọ, ìyẹn Àlájà, ará Ìwó, tí wọ́n ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti ṣúgà níwájú ilé wa. Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ti ń pariwo àdúrà, àwọn ará Mazamaza lọ́nà jíjìn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń ṣe àmín.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ìjọ wa máa ń ṣe ìrìbọmi ní ìparí oṣù, mo sì wà lára àwọn tó ń pọnmi kún adágún rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló wà níkàáwọ́ mi, lítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀hún, mò ń kó wọn bọ̀ láti ibi àdúrà òwúrọ̀ kí n lè fọ̀ wọ́n nílé. Tánkà kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lápá Satellite Town, ẹnu páìpù rẹ̀ ń jò, bẹntiróò ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Àwọn èèyàn ti yí i ká, wọ́n ń fi abọ́ bù ú. Dírẹ́bà náà ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó fẹ́ sunkún, ó ní kí wọ́n sá nítorí Ọlọ́run. Màmá, kò sí ọmọdé kan ládùúgbò wa tí kò mọ ohun tí epo lè ṣe. Ẹ̀gbẹ́ dẹ́pò tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí la jọ ń gbé. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ṣófo. Kí ẹsẹ̀ mi tó dé ibi gọ́tà, orí mi ti ṣe ìṣirò tán: mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta.

Àdúrà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kò tíì tutù lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo gbé wọn délé ní kíkún, Àlájà ń ṣí ìsọ̀ wọn. Wọ́n fa imú, wọ́n ní, “Ìyá Mojí, omi ìrìbọmi ti oṣù yìí mà ń rùn o.” Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé e kúrò nínú ilé tí èèyàn ń sùn sí. Mo purọ́ fún wọn pé ẹni tó máa bá mi tà á ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ẹni náà sọ fún mi lórí fóònù.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ ni Bàbá Mojí ń lọ̀ jẹun. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò nítorí iná ìjọba kì í dúró, yàrá tí à ń sùn náà ló sì ti ń lọ̀ ọ́. Ó ti gbé aṣọ oníbàárà jáde nígbà tí mo wọlé. Mo to kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìró àtijọ́ bò wọ́n, mo lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú láti ọjọ́ mẹ́rin, kò lè gbóòórùn. Mi ò sọ fún un nítorí mo mọ èsì tó máa fún mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti gba ìjọ lọ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Sístà Tolú ló kọ́ wa. Festac ni wọ́n bí i sí, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, mo ju ọmọbìnrin náà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dá lórí bí Kristẹni ṣe lè gbé ọkàn rẹ̀ kúrò lórí nǹkan ayé, kí ó gbé e lé nǹkan ti òkè. Ó ní kí a pa ojú dé, kí kálukú wo ohun àkọ́kọ́ tó bá wá sọ́kàn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má pólíìṣì ẹ̀ fún Ọlọ́run o. Bó ṣe wá gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún un.”

Lítà ọgbọ̀n ló wá sọ́kàn tèmi. Mo gbìyànjú láti lé e lọ, ó padà wá, ó sì mú iye owó lítà kọ̀ọ̀kan dání. Mo sọ ọ́ di púpọ̀. Mo yọ ti ẹni tó máa bá mi tà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná èyí tó kù, ojú mi ṣì wà ní pípadé, àwọn èèyàn ń kérora àdúrà lápá ọ̀tún àti lápá òsì mi. Mo ra bàtà fún Mojísọ́lá. Mo ra áyọ́ọ̀nù tuntun fún Bàbá Mojí, nítorí ìdérí ògbólógbòó tó ń lò kì í pa dé dáadáa, ẹ̀ta iná máa ń fò jáde láti inú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti lajú.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago lu mẹ́fà. Aago mẹ́fà ni Bàbá Mojí máa ń wọlé pẹ̀lú èédú tó ti ràn. Ìṣẹ́jú márùnlélógún ni ìrìn ẹsẹ̀ láti ìjọ dé ilé wa. Mo jáde láìmú Bíbélì mi. Mo dá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró pé kí ó gbé èmi nìkan, ó pe iye tó máa gbà. Màmá, mo dúró, mo ná an. Mo ní ó wọ́n jù. Ó ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Mo ní kí ó yọ igba náírà kúrò. Ọmọkùnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ó jọ pé ẹ ò kánjú,” ó sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo sáré débi tí àyà fi ń dùn mí.

Bàbá Mojí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù. Ó ń béèrè pé kí ló lé mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo wọ yàrá, mo ká ìró náà kúrò, mo kà wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n pé, ara sì tù mí. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ibi yìí dáadáa, nítorí òun ni mo fò nínú ẹ̀rí mi. Nítorí pé kẹ́ẹ̀gì mi pé ni ara ṣe tù mí.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọkọ mi ti tẹ̀ lé mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, èédú inú rẹ̀ pọ́n yòò. Mo kàn na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó rò pé ejò ló wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí ó lè fà mí jáde. Àlájà ló yọ lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn ti dé ìsọ̀ wọn nígbà tí mo ká ìró náà. Wọ́n di ẹ̀wù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Bàbá Mojí, fẹ̀yìn rìn. Díẹ̀díẹ̀. Má mi áyọ́ọ̀nù yẹn.” Báyìí ni wọ́n ṣe fà á dé àgbàlá, tó sì gbé áyọ́ọ̀nù náà rì sínú omi òjò.

Èèyàn mẹ́rìnlá ló jáde kúrò nínú ilé náà, ọmọ ọwọ́ kan wà nínú wọn. A dúró sínú òjò títí àwọn panápaná fi wá kó epo náà lọ. Bàbá onílé kò bú mi. Ìyá ọmọ ọwọ́ náà kò bú mi. Wọ́n kàn ń wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Mojí jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó ní, “Rónkẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì lo ń kà.” Láti ìgbà náà, kò tún sọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí jáde. Mo jáde. Mo ní Ẹ̀mí Mímọ́ bá mi sọ̀rọ̀ níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì pé kí n sáré lọ sílé, mo ní mo gbọ́ràn, mo ní epo kan wà nínú ilé wa tí Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó gbiná. Bí ẹni pé epo náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Mojí ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rí kan náà ni mo sọ fún yín lórí fóònù lálẹ́, Màmá, tí ẹ fi sunkún ayọ̀, tí ẹ sì kó iṣu lọ sílé Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n Adéolú sọ fún mi pé ẹ jó débi pé gèlè yín tú ni ẹ̀rù bà mí dé egungun.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe iná mọ́. Mò ń rò ó pé ká ní ilé náà gbiná nígbà tí mo wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, kí ni ǹ bá mú dé iwájú Ọlọ́run? Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ọkọ mi ì bá wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi ì bá sì máa kà. Ogún ọdún ni mo ti ń lọ sí ìjọ, mo ń gbààwẹ̀, mo ń jí lọ sí àdúrà òwúrọ̀, mo rò pé ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Ní báyìí, bí mo bá pa ojú dé, nọ́ńbà ló ń wá. Mo ti wá ń lajú gbàdúrà. Mò ń wo ẹsẹ̀ Bàbá Mojí bí ó ṣe ń lọ aṣọ ní àgbàlá, mò ń pe orúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run kí ohun mìíràn tó ráàyè wọlé. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣeé ṣe fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò rí i pé mo tún ti ka ìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá pásítọ̀ wa, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun á tún gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi yìí bí mo bá fẹ́, òun kò ní fipá mú mi. Ìyá ọmọ ọwọ́ yẹn máa wà níbẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wá sí ìjọ nítorí ẹ̀rí mi, ó gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló rán mi wálé wá gba ọmọ rẹ̀ là. Ẹ̀rù rẹ̀ ló bà mí jù. Àlájà ní kí n sọ ọ́, kí n sì sọ ọ́ kúkúrú, nítorí àwọn mọ bí mo ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn.

Màmá mi, ẹ bá mi kí Mojísọ́lá, ẹ ní kí ó máa gbọ́ràn. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fi ọwọ́ yín sin ìkankan nínú wa, oko yín yóò so, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yóò fúyẹ́. Mo kí gbogbo ilé, mo kí aládùúgbò, mo kí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n á pe àwọn tó ní ẹ̀rí jáde níbí, èmi náà á sì jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dúpẹ́ nítorí mi mọ́ ní wákàtí náà. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bá mi bẹ̀bẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rónkẹ́