Kásẹ́ẹ̀tì Olórin Abọ́ṣòkòtò

Okun o, Bàbá Moyọ̀. Mo ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Iyara. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù.

Ìyá yín fẹ́ gbọ́ orin ìsìn láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe tẹ rédíò, kásẹ́ẹ̀tì olórin yín tó máa ń bọ́ ṣòkòtò lójú agbo ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ìsọkúsọ, Moyọ̀ sì ń gbè é! Màmá ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Ó ní, "Dádì ni." Orin náà kó mi nírìíra. Màmá ti di ẹrù, wọ́n ní ilé àwọn ní Ògìdì yá. Ẹ tètè bẹ̀ wọ́n.

Mo fẹ́ sọ kásẹ́ẹ̀tì náà nù, mo kọ́kọ́ gbọ́ ojú kejì rẹ̀. Orin tó fi dárò ìyá rẹ̀ pa mí lẹ́kún. Irú ohùn yẹn lẹ́nu ẹlẹ́gbin! Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ẹ má wá kásẹ́ẹ̀tì náà, ó wà nínú báàgì mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní rédíò.

Cecilia