Ìkẹ́dùn fún Ẹbí Dókítà Gbádérọ̀ Adégbìtẹ́, Ẹni Tó Kọ́ Kọ̀ǹpútà Láti Dá Jẹjẹrẹ Inú Mọ̀

Ilé Ìwòsàn Adùnọlá,
Bódìjà, Ìbàdàn.
Oṣù Kẹwàá, 1997.

Ìyá wa, Ìyáàfin Moróunkẹ́ Adégbìtẹ́, àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ àti ọkàn tí kò rójú ni àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn yìí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ yín, ọ̀gá wa. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Láti ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀gá ti lọ, kò sẹ́ni tó lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ẹ̀ka wa. A ó dìde, a ó tún jókòó.

Nígbà tí ọ̀gá gbé kọ̀ǹpútà wọlé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ọ kí ó lè máa bá àwọn wá jẹjẹrẹ bí rọ́bà oníkámẹ́rà bá ti wọ ikùn aláìsàn, àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀gá kọ́kọ́ kọ́ iná mànàmáná láti dúró ná. Ọ̀gá ò bínú. Àwòrán lórí àwòrán ni wọ́n ń fi han ẹ̀rọ náà: èyí jẹjẹrẹ, èyí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò pẹ́ tó fi ń dá a mọ̀ lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan, Alhaja Lateefat, oníṣòwò aṣọ ní Dùgbẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lè gbé ejò mì; rọ́bà oníkámẹ́rà náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí akẹgbẹ́ wọn ti rọ́bà náà sí àwọn lọ́fun lójú Alhaja. Ìyá náà lọgun pé, "Háà, dókítà, ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ yọ ọ́ kíá, màá gbé e mì." Ọgbẹ́ inú lásán la bá nínú Alhaja, ara wọn sì yá.

A ya àwòrán inú ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn. Kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ojú àwa èèyàn pàápàá ò sì rí nǹkan kan. Nígbà tí jẹjẹrẹ inú dá wọn gúnlẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n ní ká gbé àwòrán náà wá. Wọ́n fi ìka tọ́ka sí àmì pupa kékeré kan. "Òun nìyẹn. Ẹ má bá kọ̀ǹpútà jà. Àwọn èèyàn wa á ti mu agbo títí kí wọ́n tó wá. Jẹjẹrẹ tó ti dàgbà nìkan la fi hàn án, kò rí kékeré rí."

Ìyá wa, ẹ ti ní ká dáná sun àwòrán náà, pé inú òkú kì í ṣe ohun à ń fi han ayé. Ọ̀rọ̀ yín tọ́, tiyín sì ni àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwòrán jẹjẹrẹ kékeré kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi kọ́ ẹ̀rọ náà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ gbà, bí ẹ kọ̀, a ò ní fi ẹ̀yin àti àwọn ọmọ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé yín nù, kí ó tu àwọn ọmọ yín, Gbémisọ́lá àti Níyìolúwa, nínú, kí ó tẹ́ ọ̀gá wa sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tí irú kékeré yìí sì wà nínú rẹ̀ lónìí, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Challenge tàbí Agbowó nínú Ìbàdàn yìí tí kò mọ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó tètè wá, kí ó sì bá ojú tó lè rí i. Àmín.

Jọlá Bọ́láwùmí,
Akọ̀wé, fún gbogbo òṣìṣẹ́.