Àyà Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Bíríkìlà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Kí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ máa rọ̀ yín lẹ́sẹ̀. Àlàáfíà la wà, ìyá rẹ nìkan ló ń bínú sí mi, ó sì yẹ kó o gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu tèmi kí òun tó pè ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjì tó ń ṣọ́ bí àyà ṣe ń lù, tó o rà fún mi, ni. Nọ́ọ̀sì lẹ ọ̀kan mọ́ mi láyà, ó so ìkejì mọ́ mi lọ́wọ́ bí aago, ó ní tàyà á máa rò fún tọwọ́, tọwọ́ á máa rò fún dókítà, láìsí wáyà kankan láàárín wọn. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo rò ó pé olófòófó méjì lọmọ mi rà fún mi yìí, àti pé dókítà tí mi ò rí rí, ṣé àyà arúgbó káfíńtà ló yẹ kí n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i? Mo bá kó wọn fún ọ̀rẹ́ mi bíríkìlà, ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì bí ẹní gbé ìrọ̀rí, mo ní kó bá mi wọ̀ wọ́n, kí orúkọ ìdílé wa má baà bàjẹ́.

Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́ kẹta, tó ò ń sunkún pé dókítà ní àyà mi ò lù bó ṣe yẹ, pé kí n má mira, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń bọ̀, orí òrùlé ni mo wà, mò ń kan ìṣó. Wọ́n gbé mi lọ, wọ́n yẹ̀ mí wò títí, dókítà ní ara mi le ju tòun lọ. Ìgbà yẹn ni mo jẹ́wọ́. Mo rò pé ó máa bá mi wí ni, àmọ́ ńṣe ló fò dìde, ó ní ibo ni bíríkìlà wà.

Orí àkàbà ni wọ́n ti bá a, ó ń rẹ́ ògiri. Ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, ó ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ká ní ó tún lo ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́ ni, òkú rẹ̀ là bá gbé sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí mi, àmọ́ ìyá rẹ ń bínú pé mo tan gbogbo yín jẹ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi gbọ́ tàwọn ọmọ rẹ̀ títí yóò fi dìde, kó o sì ra ẹ̀rọ mìíràn, torí ó ní òun ò bọ́ eléyìí mọ́. Èmi fúnra mi ni màá wọ tọ̀tẹ̀ yìí. Orúkọ ìdílé kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ bọ́ ti àkọ́kọ́, má sọ fún ìyá rẹ. Àrùn àyà ló pa bàbá mi, ẹ̀rù ohun tí ẹ̀rọ náà máa sọ ló bà mí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, ojú rẹ ò ní rí ibi.

Èmi bàbá rẹ.