Àkọ́bí Ìlú

Ajé, 4 oṣù Kẹfà
Ara mi ò lélẹ̀ láti àárọ̀. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo dìde. Mo tún jókòó, mo tún dìde. Kọ́là ẹ̀wù kan ṣoṣo ni mo rán, mo sì tún tú u.

Aláriwo pè — àbúrò mi obìnrin. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ti di méjì, ó fẹ́ kí n kó wá sọ́dọ̀ òun, kí n máa bójú tó èkejì. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tiẹ̀ ń ṣọ́ níbẹ̀ yẹn gan-an?" Èsì tí mo máa ń fún un náà ni mo tún fún un: ibi tí wọ́n bí mi sí nìyí. Wọ́n bí òun náà síbí, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 6
Ọ̀gá Máìkì wá. Alága ìgbìmọ̀ àjọyọ̀ ni. Bó bá ti di máìkì mú, àfi kí iná lọ. (Kò mọ̀ pé mo ń pe òun bẹ́ẹ̀.) Ìlú á pé àádọ́ta ọdún ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi náà pé àádọ́ta lọ́dún yìí. Ó fẹ́ kí n jókòó síwájú, kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí Àkọ́bí Ìlú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, torí èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí síbí. Béèyàn bá bi àwọn ẹgbẹ́ mi níbí léèrè ibi tí wọ́n ti wá, oníkálukú á nawọ́ síbi kan lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi nìkan ni mo máa ń nawọ́ sílẹ̀.

Mo ní màá sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí mi ò sọ pé rárá?

Ẹtì, 8
Bílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ìlú á ṣófo. Gbogbo wọn á wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nínú ìlú ńlá, ó di ìrọ̀lẹ́. Á wá ku èmi, àwọn arúgbó, àti ajá.

Mo rántí tíṣà ìṣirò tó fẹ́ fi mí ṣaya. Wọ́n gbé e lọ síbòmíràn, ó ní ká jọ lọ. Mo ní Àkọ́bí Ìlú kì í kúrò nílùú. Mo sọ ọ́ bí ẹni dé adé! Ọmọ mẹ́rin ló ti bí báyìí. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Àìkú, 10
Mo rìn dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo rìn padà. Mi ò wá ẹnikẹ́ni lọ.

Ìṣẹ́gun, 12
Mo gbé aṣọ lọ fún Ìyá Agbẹ̀bí. Gbogbo ọmọ ìlú yìí, ọwọ́ wọn la bọ́ sí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní kí wọ́n sọ bí ìyá mi ṣe bí mi fún mi, kí n lè rí nǹkan sọ lọ́jọ́ àjọyọ̀.

Wọ́n wò mí títí. "Ìyá rẹ ò sọ fún ọ títí tó fi kú?"

Sọ kí ni?

Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí mi sí. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín àga àti ìkòkò, nígbà táwọn òbí mi ń kó bọ̀. Ọkọ̀ náà bàjẹ́ sọ́nà. Mo ti lo ọjọ́ mélòó kan láyé ká tó débí. "Èmi kọ́ ni mo gbẹ̀bí rẹ. Inú aṣọ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ, ò ń pariwo."

Ilé mẹ́fà péré ló wà níbí nígbà náà, ẹrẹ̀ sì ń dé orókùn. Àwọn tó bá wá wo ilé á sá padà — ibi tí wọn ò tíì bímọ sí, ta ló mọ̀ bóyá ó ṣeé gbé? Ni àwọn àgbà bá ní kí ìyá mi sọ pé ibí ló bí mi sí. Bí àlejò bá ti dé, wọ́n á gbé mi jáde: ẹ wò ó, ara rẹ̀ le koko! Àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé.

"A nílò ọmọ ni," Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Ìwọ lo sì wà nítòsí."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Ọjọ́bọ̀, 14
Inú ń bí mi. Ta ni kí n bínú sí? Ìyá mi ti kú.

Àbámẹ́ta, 16
Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá Máìkì pìtàn ìlú títí àwọn èèyàn fi ń yán. Nígbà tó yá ó gbé máìkì fún mi, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún.

Mo ní, "Wọn ò bí mi síbí o. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n bí mi sí. Mo dé ni, bí gbogbo yín ṣe dé."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo ń wo àwọn arúgbó tó wà níwájú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Kò sì sẹ́ni tẹ́nu yà. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń wò. Gbogbo wọn ló mọ̀!

Mo jáde. Bàbá Bíríkìlà, tí wọ́n kọ́ àwọn ilé àkọ́kọ́ nílùú, tẹ̀ lé mi dé ìta, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má bínú, ọmọ mi. Gbogbo àwọn ọmọ wa la bi léèrè nígbà tí wọ́n dàgbà: ṣé wàá lọ ni, àbí wàá dúró? Ìwọ nìkan la ò bi rí."

Mo ní kí wọ́n bi mí nísinsìnyí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bi mí: "Ṣé wàá dúró tì wá?"

"Rárá, bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Wọ́n mi orí pé ó yé wọn. Wọn ò tètè fi ọwọ́ mi sílẹ̀, èmi náà ò sì já a gbà.